Ṣé gíábọ́ọ̀sì S430 lè wọ E320? Ẹ bá mi dá sí i kí n tó sanwó

OníBenzDúdú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi gbogbo. Mercedes E320 ọdún 1999 ni mo ń wà, irú ara tí wọ́n ń pè ní W210, ẹ́ńjìnnì V6 M112 tó jẹ́ 3.2 ló wà nínú rẹ̀. Gíà rẹ̀ kò yí mọ́. Bí mo bá fi sí D, ó máa ń wúwo láti gbéra, bí mo bá wá tẹ iná mọ́ ọn, ẹ́ńjìnnì á kàn máa bú ramúramù, ọkọ̀ kò ní í yára. Rìfáàsì ṣì ń ṣiṣẹ́. Mẹkáníìkì tó wò ó ní gíábọ́ọ̀sì ti kú, kí n lọ wá òmíràn.

Ẹni tó ń ta àlòkù ní mẹ́ta nílẹ̀: ọ̀kan láti ara S430 W220, ọ̀kan láti ara CLK320, ọ̀kan láti ara ML320. Ó ní irú 722.6, gíábọ́ọ̀sì onígíà márùn-ún ti Mercedes, ni gbogbo wọn, pé ọmọ ìyá ni wọ́n, èyí tó bá wù mí ni kí n gbé. Ojú mi wà lára ti S430 nítorí pé ọkọ̀ ńlá ni, mo rò pé á lágbára ju tèmi lọ. Ṣé yóò wọlé lóòótọ́? Kí ni mo gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò?

GíàNìṣẹ́Mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó fún ẹnikẹ́ni. Bí ẹ ṣe ṣàlàyé rẹ̀ yẹn, ó jọ pé gíà kejì ni ọkọ̀ yín há sí.

Lórí 722.6, bí kọ̀ǹpútà gíà bá rí ohun tí kò yé e, ṣe ló máa ń gé iná kúrò lára àwọn solenoid mẹ́fà (fáàfù oníná) tó wà lórí valve body, ìyẹn pákó irin tó ń pín ọ́ìlì nínú gíábọ́ọ̀sì. Bí iná bá ti kúrò, ọ́ìlì nìkan ló ń darí gíà. Wọ́n sì ti kọ́ ọ lọ́nà pé bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, D á fún yín ní gíà kejì, R á fún yín ní rìfáàsì, kí ẹ lè rọra wà á délé. Ẹ wá rí i pé ọkọ̀ tó ń fi gíà kejì rìn, tó sì ń lọ sẹ́yìn, kò tíì sọ fún wa pé irin inú rẹ̀ ti bàjẹ́. Sẹ́ńsọ̀ kan ṣoṣo lè fà á.

Ẹ dán èyí wò: ẹ dúró, ẹ fi sí P, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ mú sùúrù díẹ̀, ẹ tún un tan kí ẹ sì wà á jẹ́jẹ́. Bí ó bá yí lọ sí ìkẹta àti ìkẹrin dáadáa kó tó tún padà há sí ìkejì, ọ̀rọ̀ iná ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ wo kọ̀ǹpútà gíà gan-an. Ọ̀pọ̀ ló máa ń wo ti ẹ́ńjìnnì nìkan tí wọ́n á ní àwọn ti wò ó tán.

ỌmọWáyà

Òótọ́ ni ọ̀gá sọ. Kí n fi ibi tí ẹ ó wò kún un.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì oníhò 13 kan wà lápá ọ̀tún gíábọ́ọ̀sì yẹn. Òrùka rọ́bà tó wà lára rẹ̀ máa ń gan bó bá ti pẹ́, ọ́ìlì á sì máa jò níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn kan máa ń rí i kí wọ́n rò pé páànù ló ń jò. Èyí tó burú jù ni pé ọ́ìlì yẹn máa ń gba inú wáyà gun òkè títí á fi dé kọ̀ǹpútà gíà nínú àpótí tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ǹpútà náà, ẹ fi ìwé ìnuwọ́ funfun nu ẹnu rẹ̀. Bí ọ́ìlì bá yọ lára ìwé, ẹ ti rí ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni sẹ́ńsọ̀ N2 àti N3, àwọn tó ń ka bí nǹkan ṣe ń yí nínú gíábọ́ọ̀sì. Orí conductor plate (àwo tó gbé wáyà inú gíábọ́ọ̀sì) ni méjèèjì wà, lábẹ́, nínú páànù. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kú, gíà á há sí ìkejì bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ kò nílò láti sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀ láti pààrọ̀ plate náà. Ẹ tú páànù, ẹ sọ valve body kalẹ̀, iṣẹ́ dé.

Afẹ́Jaguar

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ọ̀rọ̀ "ọmọ ìyá" yẹn, nítorí ó máa ń dùn mí bí wọ́n bá fi ń ta ọjà fún ènìyàn. Ẹ wo Jaguar XJ X308, èyí tí wọ́n ṣe láti 1997. XJ8 tó jẹ́ 4.0 ń lo 5HP24, gíábọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ ZF. XJR, ọkọ̀ kan náà, ara kan náà, ẹ́ńjìnnì 4.0 kan náà tí wọ́n fi supercharger kún, kò lo ZF rárá: gíábọ́ọ̀sì Mercedes 722.6 ni wọ́n gbé sí i. Kódà ọ́ìlì wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Bí ẹnìkan bá kàn ní "gíà XJ" lòun ní, kò tíì sọ nǹkan kan fún yín.

BMW náà lo 5HP24 yẹn nínú 540i àti 740i. Ẹ gbé e wá síbi Jaguar, ojú rẹ̀ tó kọ sí ẹ́ńjìnnì kò ní í bára mu, kọ̀ǹpútà kò sì ní í bá a sọ̀rọ̀.

OníBenzDúdú

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá. Mo ti ṣe gbogbo rẹ̀. A rí ọ́ìlì lẹ́nu sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ǹpútà, bí ỌmọWáyà ṣe wí. A nù ún, a pa àwọn ẹ̀sùn inú rẹ̀ rẹ́, ọkọ̀ yí dé ìkẹta, àmọ́ ṣe ló ń yọ̀: ẹ́ńjìnnì á sá lọ sókè, ọkọ̀ á dúró lẹ́yìn. A wá tú páànù. Ọ́ìlì dúdú bí èédú, ó ń rùn bí ohun tó jóná, iye rẹ̀ kò sì tó rárá. Irin wẹ́wẹ́ tó ń dán kún orí mágnẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yà díìsìkì (àwọn àwo inú gíábọ́ọ̀sì tó ń di ara wọn mú kí gíà lè wọlé) tó ti ya náà wà nísàlẹ̀ páànù. Ó dà bíi pé ó ti ń jò látẹnu sọ́kẹ́ẹ̀tì fún ìgbà pípẹ́ kó tó dọ́wọ́ mi, tí kò sẹ́ni tó bu ọ́ìlì kún un.

Ó ti wá dájú pé gíábọ́ọ̀sì ti lọ. Ẹ wá padà síbi ìbéèrè mi àkọ́kọ́: nínú mẹ́ta yẹn, èwo ni kí n gbé?

GíàNìṣẹ́Mi

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Bí díìsìkì bá ti ń ya sínú páànù, kò sí ohun tí wáyà lè ṣe sí i mọ́.

Ó dáa. Ẹ gbàgbé orúkọ tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ tí wọ́n ti yọ ọ́. Ara gíábọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ni kí ẹ ti kàwé. Wọ́n lu nọ́ńbà sára irin rẹ̀, lókè etí páànù: 722.6, lẹ́yìn náà nọ́ńbà méjì míì. Àwọn méjì ìkẹyìn yẹn ló ń sọ irú ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣètò rẹ̀ fún. Bí eruku bá bò ó, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ̀ ọ́ títí tí yóò fi hàn. Bí ẹni tó ń tà á kò bá jẹ́ kí ẹ fọ̀ ọ́, ẹ máa lọ.

722.6 jáde ní 1996, oríṣi rẹ̀ méjì ló sì pọ̀ jù: kékeré tí wọ́n ń pè ní W5A330, àti ńlá tí wọ́n ń pè ní W5A580. 330 àti 580 yẹn ni iye Nm (òṣùwọ̀n agbára yíyí) tí wọ́n ṣe wọ́n láti gbà látọwọ́ ẹ́ńjìnnì. E320 yín ń mú 315 Nm jáde, ìdí nìyẹn tó fi ń lo kékeré. S430 ń mú 400 Nm jáde, ńlá ló wà nínú rẹ̀. CLK320 ń lo ẹ́ńjìnnì M112 3.2 bíi tiyín, kékeré ló ń lò. ML320 náà, M112 ni.

Níwájú, ẹ kò ní ìṣòro púpọ̀. M112 onípísítìn mẹ́fà àti M113 onípísítìn mẹ́jọ, ilé kan náà ni wọ́n ti jáde, ihò bóòtù ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì wọn bára mu. Bell housing 722.6, ìyẹn ilé irin iwájú rẹ̀ tó so mọ́ ẹ́ńjìnnì, sì ṣeé tú kúrò lára gíábọ́ọ̀sì. Ibi tí ènìyàn ti máa ń kó sí ọ̀fìn ni bó bá lọ gbé èyí tó wá láti ara E320 ọdún 1997, tó ní ẹ́ńjìnnì M104 tí písítìn rẹ̀ mẹ́fà tò lórí ìlà kan, tàbí èyí tó wá láti ara dísù. Orúkọ ọkọ̀ kan náà, 320 kan náà, bell housing ọ̀tọ̀.

Ẹ̀yìn ló yẹ kí ẹ fi ojú sí jù. Ẹ wo flange (orí irin ẹ̀yìn gíábọ́ọ̀sì) tó ń mú díìsìkì rọ́bà puropẹ́là: apá mẹ́ta ló ní, àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ìwọ̀n ihò wọn dọ́gba. Gíábọ́ọ̀sì tó bá wá láti ara 4MATIC, Benz tó ń fi táyà mẹ́rin rìn, tàbí láti ara ML320 tí òun náà ń fi mẹ́rin rìn, ẹ̀yìn rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá nítorí transfer case (ẹ̀rọ tó ń pín agbára fún táyà iwájú) tó so mọ́ ọn. Ẹ má gbé e dání fún ọkọ̀ tó ń fi táyà ẹ̀yìn nìkan rìn.

Bí mo bá wà nípò yín, CLK320 ni n bá gbé, bí inú rẹ̀ bá mọ́.

ỌmọWáyà

Kí n sọ ìdí tí mi ò fi fẹ́ kí ẹ gbé ti S430, nítorí mo mọ̀ pé ọkàn yín ṣì wà níbẹ̀.

Gíà àkọ́kọ́ inú W5A330 tiyín jẹ́ 3.93, ìyẹn ni pé iwájú rẹ̀ ń yí ìgbà 3.93 kí ẹ̀yìn rẹ̀ tó yí ẹ̀ẹ̀kan. Ti W5A580 jẹ́ 3.59. Ìkejì tiyín súnmọ́ 2.41, ti ńlá jẹ́ 2.19. Ìkẹrin méjèèjì jẹ́ 1.00, ìkarùn-ún méjèèjì jẹ́ 0.83. Ní báyìí, 722.6 kò ní sẹ́ńsọ̀ tó ń ka yíyí ẹ̀yìn gíábọ́ọ̀sì. Kọ̀ǹpútà gíà máa ń ka N2 àti N3 nínú, á wá béèrè iye tí táyà ẹ̀yìn ń yí lọ́wọ́ ABS, á sì fi wọ́n ṣírò. Bí ó bá wà ní gíà àkọ́kọ́, ó ń retí 3.93. Bí ó bá rí 3.59, ohun tó máa rò ni pé nǹkan ń yọ̀ nínú. Á ké, á gé iná, á sì há sí ìkejì. Ẹ ti náwó, ẹ ti ṣiṣẹ́, ẹ sì padà síbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, lórí gíábọ́ọ̀sì tí kò sí ohun tó ṣe é.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, 3.59 kéré sí 3.93 ní nǹkan bí ìdá 9 nínú 100. Ìyẹn ni pé díff ẹ̀yìn yín kò yí padà, ẹ́ńjìnnì yín kò lágbára sí i, ẹ wá lọ dín agbára tí ọkọ̀ fi ń gbéra kù. Ọkọ̀ S430 kì í mọ̀ ọ́n lára nítorí 400 Nm tó wà níwájú rẹ̀. E320 á mọ̀ ọ́n lára.

OníBenzDúdú

Hà! Mi ò mọ̀ pé ó jinlẹ̀ tó báyìí. Bí mo bá gbé kọ̀ǹpútà gíà S430 pa pọ̀ mọ́ gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ ńkọ́?

ỌmọWáyà

Àwọn ènìyàn máa ń ṣe é, ó sì ṣeé ṣe fún ẹni tó ní ẹ̀rọ tí yóò fi kọ coding rẹ̀ kó lè bá ẹ́ńjìnnì, ABS àti díff yín mu. Àmọ́ kọ̀ǹpútà S430 ń retí ìròyìn ẹ́ńjìnnì V8 àti ABS ọkọ̀ W220 lórí CAN, wáyà tí àwọn kọ̀ǹpútà ọkọ̀ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ fi sáré ìje, tí wọ́n gbé V8 sí, mo lè ní kí wọ́n ṣe é. Ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ máa wà lọ síbi iṣẹ́, ẹ fi sílẹ̀.

ÌyáLexus

Ẹ̀yin ará, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín, ìbéèrè mi fara pẹ́ ẹ ni. LS430 ọdún 2002 ni mo ní, gíà márùn-ún ni. Wọ́n ní ti 2005 ní gíà mẹ́fà. Gíábọ́ọ̀sì tèmi ti ń gbọ̀n bó bá ń yí láti ìkejì sí ìkẹta. Ṣé mo lè gbé ti 2005 wọ tèmi kó lè di mẹ́fà? Ọkọ̀ kan náà ni wọ́n ṣá, ẹ́ńjìnnì 3UZ kan náà. Ọmọkùnrin kan tún fi ti GS430 lọ̀ mí.

GíàNìṣẹ́Mi

Ẹ kú ilé mà. Ẹ má gbé ti 2005. LS430 láti 2001 sí 2003 ń lo A650E; láti 2004 sí 2006 wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ sí A761E, òun ni onígíà mẹ́fà. Nínú Lexus yín, kọ̀ǹpútà kan náà ló ń darí ẹ́ńjìnnì àti gíà. Gíà márùn-ún nìkan ni ti 2002 mọ̀. Láti jẹ́ kó mọ ìkẹfà, ẹ ó kó kọ̀ǹpútà, wáyà, àti ọ̀pọ̀ nǹkan míì láti ara ọkọ̀ 2005, immobilizer (ohun tó ń dènà olè) á sì tún dìde sí yín. Ọ́ìlì wọn náà yàtọ̀: A650E ń lo T-IV, A761E ń lo WS.

Ti GS430 súnmọ́ òótọ́ díẹ̀, nítorí A650E àti 3UZ-FE ni GS430 láti 2001 náà ń lò. Ẹ fi méjèèjì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí wọ́n tó gbé e sókè: ẹ wo ẹ̀yìn tí puropẹ́là ń wọ̀, ẹ wo ibi tí síìtì gíà ń jókòó sí, ẹ ka sọ́kẹ́ẹ̀tì àti pàìpù ọ́ìlì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àmọ́ mà, gíábọ́ọ̀sì tó kàn ń gbọ̀n láàárín ìkejì sí ìkẹta kò tíì tó ohun tí wọ́n ń pààrọ̀. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n wo ọ́ìlì, àwọ̀ rẹ̀ àti òórùn rẹ̀, kí wọ́n sì wo àwọn solenoid.

ÌyáLexus

Ẹ ṣeun púpọ̀, ọmọ mi. Ọlọ́run á bù sí iṣẹ́ ọwọ́ yín. Àbúrò mi tún ní ES330, wọ́n ń ta gíábọ́ọ̀sì RX330 fún un. Ṣé kó gbà á?

GíàNìṣẹ́Mi

Kó rọra mà. ES330 ń lo U151E. RX330 tó ń fi táyà iwájú nìkan rìn ń lo U151E, èyí tó ń fi táyà mẹ́rin rìn ń lo U151F, èyíinì ní ibi tí transfer case ń so mọ́, kò ṣe é lò fún ES. Ohun tó tún wà nínú ọkọ̀ tó ń fi iwájú rìn ni pé díff wà nínú gíábọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀. RX wúwo ju ES lọ, táyà rẹ̀ náà ga jù. Bí wọ́n bá gbé gíábọ́ọ̀sì wá, díff ọkọ̀ kejì ni wọ́n gbé wá pẹ̀lú rẹ̀. Benz tí à ń sọ lókè yìí kò ní ìṣòro yẹn, nítorí díff tirẹ̀ dá wà lẹ́yìn. Kí àbúrò yín wá ti ES330, tàbí kó fi nọ́ńbà ṣáásì méjèèjì wá nọ́ńbà gíábọ́ọ̀sì nínú ìwé ẹ̀yà ọkọ̀, kó rí i bóyá wọ́n dọ́gba.

ỌlọBMW

Ẹ̀yin ará, mo bọ̀wọ̀ fún gbogbo yín, àmọ́ mo ní èrò tó yàtọ̀. Kí ló dé tí gbogbo wa fi ń sáré wá àlòkù? Gíábọ́ọ̀sì tó ti wà lára ọkọ̀ ni nọ́ńbà rẹ̀ bá ọkọ̀ mu: ẹ̀yìn rẹ̀ bára mu, kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n. Tú u sílẹ̀, pààrọ̀ díìsìkì, pààrọ̀ rọ́bà gbogbo, fi torque converter (ohun tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì wọ gíábọ́ọ̀sì) tí wọ́n tún ṣe sí i, ó parí. Àlòkù tí ẹ rà yẹn náà ti rin ìrìn tirẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe tọ́jú rẹ̀.

Ẹ wo ZF 6HP26. Inú BMW 7 Series E65 ló ti kọ́kọ́ jáde ní 2001, gíábọ́ọ̀sì ọtomátíìkì onígíà mẹ́fà àkọ́kọ́ fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Lẹ́yìn náà ni Jaguar lò ó, Audi lò ó, Bentley Continental lò ó. Orúkọ kan náà. Àmọ́ ti Audi ní díff iwájú nínú, bell housing ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, mechatronic (kọ̀ǹpútà àti valve body pa pọ̀) tó wà nínú páànù sì ń gbé software ọkọ̀ tirẹ̀. Mo ti rí ẹni tó ra 6HP láti ara ọkọ̀ míì, tó padà wá tún tirẹ̀ ṣe.

GíàNìṣẹ́Mi

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yín lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí ẹni tó mọ iṣẹ́ bá wà, tó ní ibi tó mọ́ tí yóò ti tú u, títún ṣe ló dára jù, èmi náà ń ṣe é. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ti OníBenzDúdú yìí, irin wẹ́wẹ́ ti lọ káàkiri. Ó ti dé valve body, ó ti dé pọ́ńpù, ó wà nínú converter. Bí wọ́n bá pààrọ̀ díìsìkì nìkan tí ìlù tó ń gbé díìsìkì sì ti ha, wọn yóò tún sọ ọ́ kalẹ̀ láìpẹ́. Nígbà tí àlòkù láti ara ẹ́ńjìnnì kan náà wà nílẹ̀, tí ọ́ìlì rẹ̀ pupa, tí mágnẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ́, èmi á gba àlòkù.

Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ènìyàn máa ṣe ni kí wọ́n tú páànù àlòkù náà kí wọ́n tó sanwó. Kì í pẹ́. Èérí dúdú múlọ́múlọ́ tó bo mágnẹ́ẹ̀tì bíi ẹrẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kò burú, gbogbo gíábọ́ọ̀sì ló ń ní in. Èyí tí ìka yín bá ti mọ̀ pé ó ń gún, tó ní ẹyọ ẹyọ irin, ẹ fi sílẹ̀. Bí ọ́ìlì bá sì dà bíi wàrà tí wọ́n pò mọ́ tíì, omi rédíétọ̀ ti wọ inú rẹ̀. Ẹ má wẹ̀yìn. Omi yẹn máa ń jẹ àtè tó mú díìsìkì, kò sì sí fífọ̀ tó lè mú un padà.

Atẹ̀léYín

Mo ń kà, mo ń kọ́ ẹ̀kọ́. Èmi ní E500 W211 ọdún 2003, gíà márùn-ún. Ọ̀rẹ́ mi ní ti 2005, gíà méje. Ṣé ọ̀rọ̀ kan náà ni?

ỌmọWáyà

Ó le ju ti LS430 lọ. 722.9 onígíà méje tó jáde ní 2003 gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ sínú gíábọ́ọ̀sì, lórí valve body, nínú ọ́ìlì. Kọ̀ǹpútà yẹn wà lára ohun tí Mercedes fi ń dènà olè, ó sì ti so mọ́ ọkọ̀ tó ti wá. Kódà bí ẹ bá ní ọkọ̀ 2005, tí ẹ gbé 722.9 láti ara 2005 míì, kò ní í gbà láti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi máa tún kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ ṣe bí tuntun tàbí kí ẹ gbé kọ̀ǹpútà tiyín sínú rẹ̀. Láti márùn-ún lọ sí méje, ẹ má gbìyànjú rẹ̀. 722.6 kò fi gíà so mọ́ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ báyẹn, ọ̀kan nínú ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn.

OníBenzDúdú

Ẹ̀yin ọ̀gá, mo ti gbé ti CLK320. Ó jẹ́ kí n fọ nọ́ńbà rẹ̀, ó sì jẹ́ kí n tú páànù. Ọ́ìlì rẹ̀ pupa tó ti ń lọ sí búráùn díẹ̀, mágnẹ́ẹ̀tì ní èérí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ọ̀gá ṣe sọ, kò sí ohun tó gún mi lọ́wọ́. Nọ́ńbà méjì ìkẹyìn rẹ̀ kò bá tèmi mu, àmọ́ a fi nọ́ńbà ṣáásì méjèèjì wò ó nínú ìwé ẹ̀yà ọkọ̀: kékeré ni, ti M112 3.2 ni. Mo gbé díìsìkì rọ́bà tèmi lé ẹ̀yìn rẹ̀, ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó wẹ́kú. Ó fún mi ní converter rẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ gbé e sókè. Kí ni kí n máa ṣọ́?

GíàNìṣẹ́Mi

Ẹ ṣe dáadáa. Nǹkan mélòó kan ni kí ẹ dúró ṣọ́, kí ẹ má jẹ́ kí wọ́n kánjú níbẹ̀.

Èkíní ni converter. Kì í ṣe pé kí wọ́n kàn tì í wọlé. Wọ́n á máa yí i díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tì í, á máa já sínú ní ìpele-ìpele títí eyín rẹ̀ á fi mú pọ́ńpù. Bí ó bá ti jókòó tán, ó ti wọ inú kọjá etí bell housing, ó sì ń yí fàlàlà. Bí wọ́n bá gbé gíábọ́ọ̀sì sún mọ́ ẹ́ńjìnnì, etí méjèèjì gbọ́dọ̀ pàdé láìsí pé wọ́n fi bóòtù fà á. Lẹ́yìn tí bell bá ti fara kan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ ti ìsàlẹ̀ fọwọ́ yí converter: ó gbọ́dọ̀ yí, àyè díẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà láàárín òun àti flexplate (àwo irin ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì) kí wọ́n tó fà á síwájú láti so ó. Bí àyè kankan kò bá sí, ẹ ní kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ padà. Ẹni tó bá fi bóòtù fà á pọ̀ ń fọ́ pọ́ńpù, tí ẹ bá sì tan ẹ́ńjìnnì, ó tán.

Ìkejì ni pàìpù ọ́ìlì tó ń lọ sí rédíétọ̀. Irin wẹ́wẹ́ gíábọ́ọ̀sì àtijọ́ wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá so ó mọ́ tuntun láìfọ̀ ọ́, inú èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ló máa dà á sí. Kí wọ́n fọ̀ ọ́ títí ohun tó ń jáde yóò fi mọ́. Rédíétọ̀ tó ti pẹ́, èmi á pààrọ̀ rẹ̀.

Kí wọ́n tó gbé e sókè, ẹ fi òrùka rọ́bà tuntun sí sọ́kẹ́ẹ̀tì oníhò 13 yẹn, ẹ pààrọ̀ fílítà ọ́ìlì, ẹ sì nu ẹnu wáyà tó lọ sí kọ̀ǹpútà dáadáa. Ohun tó pa ti àkọ́kọ́ nìyẹn.

OníBenzDúdú

Ó ti wọlé! Wọ́n gbé e sókè, mo dúró tì wọ́n, converter yí fàlàlà lọ́wọ́ mi kí wọ́n tó so ó. Ọkọ̀ ń yí láti ìkíní dé ìkarùn-ún, rìfáàsì ń mú lójú ẹsẹ̀. Mo dúpẹ́ gidigidi lọ́wọ́ gbogbo yín, ẹ ti gbà mí lọ́wọ́ S430 yẹn.

Nǹkan méjì ló kù. Ó ń ta díẹ̀ bó bá ń ti ìkejì lọ sí ìkẹta, pàápàá ní àárọ̀. Mo sì fẹ́ wo ọ́ìlì rẹ̀, mo ṣí ẹnu ibi tí wọ́n ń gbà wò ó, kò sí géèjì níbẹ̀. Ṣé wọ́n jí i ni?

GíàNìṣẹ́Mi

Ẹ kú oríire o! Inú mi dùn gan-an.

Wọn kò jí i. 722.6 kì í gbé géèjì jáde, òfìfo ni pàìpù yẹn máa ń wà lábẹ́ ọmọrí rẹ̀. Géèjì gígùn kan wà tí mẹkáníìkì ń ki bọ̀ ọ́, ó ní ààlà 25°C àti ààlà 80°C. Ti 80°C ni kí ẹ tẹ̀lé. Kí wọ́n wa ọkọ̀ títí ọ́ìlì yóò fi gbóná dé ibẹ̀, kí wọ́n fi ẹ̀rọ ka ìgbóná rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà gíà. Ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, P. Kí ó wà láàárín àmì méjèèjì. Bí ó bá kéré, díẹ̀díẹ̀ ni kí wọ́n máa bù sí i, nítorí bí ó bá pọ̀ jù, ohun tó ń yí nínú á lù ú di fóòmù, ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ọ́ìlì á sì dínkù bí ìgbà tí ọ́ìlì kò tó. Ọ́ìlì tó bá ìlànà 236.14 ni kí wọ́n lò.

Títa yẹn, kọ̀ǹpútà ṣì ń rántí díìsìkì gíábọ́ọ̀sì àtijọ́ tó ti ń yọ̀, ó sì ń tẹ tuntun mọ́lẹ̀ jù. Ẹ wo ọ́ìlì ná. Bí iye rẹ̀ bá pé, kí ỌmọWáyà tàbí ẹnikẹ́ni tó ní ẹ̀rọ pa adaptation (ohun tí kọ̀ǹpútà ti kọ́ nípa gíábọ́ọ̀sì àtijọ́) rẹ́, lẹ́yìn náà kí ẹ wà á nígbà tí ó bá ti gbóná dáadáa, iná díẹ̀, kó máa yí láti ìkíní dé ìkarùn-ún ní tirẹ̀, kí ẹ tún dúró, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Á kọ́ ọ.

ỌmọWáyà

Ẹ fi ohun tí ẹ̀rọ bá kà lórí N2 àti N3 ránṣẹ́ síbí bí ẹ bá pa á rẹ́ tán, kí n wò ó.